Ìgboro Òṣogbo títí dé etí odò Ọ̀ṣun: ibo ni kí àlejò ti bẹ̀rẹ̀?

Àlejò Láti Ẹ̀gbá
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Òròkí. Abẹ́òkúta la ti ń bọ̀, èèyàn mẹ́rin, ìyá àgbà kan tó ti lé ní 70 ọdún wà lára wa. Ọjọ́ méjì la fẹ́ lò. Ìgboro àtijọ́, ààfin, ọjà àti Igbó Ọ̀ṣun la fẹ́ rí, a sì fẹ́ ra àdìrẹ. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ibo la lè fẹsẹ̀ rìn dé, kí ló sì máa ń da nǹkan rú fún àlejò? Kì í ṣe ọdún Ọ̀ṣun là ń bọ̀ wá ṣe o, ọjọ́ lásán ni.

Ọmọ Òròkí
Ẹ káàbọ̀ o. Ọjọ́ lásán tí ẹ mú yẹn dáa, ẹ ó ráyè wo nǹkan.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àlejò ni pé wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n á gba kẹ̀kẹ́ tààrà lọ sínú Igbó, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì padà sí ìdíkọ̀. Wọ́n rí igbó, wọn ò rí ìlú. Bẹ́ẹ̀ ọ̀kan náà ni méjèèjì. Nígbà tí Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn kó àwọn èèyàn wọn kúrò ní Ìpólé nítorí omi, etí odò ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí. Ojúbọ tó wà níbi ààfin àkọ́kọ́ ṣì wà nínú Igbó dòní. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó ṣí gòkè, tí ààfin àti Ọjà Ọba fi wá bọ́ síbi tí wọ́n wà yìí. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ẹnu ààfin rìn gba Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ sí odò, ọ̀nà tí ìlú gbà wá ló ń tọ̀ padà. Ọ̀nà yẹn náà ni Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá ọdún Ọ̀ṣun, ń gbà lọ́dọọdún.

Ohun tí mo máa ní kẹ́ ẹ ṣe nìyí: ẹ dé Ọjà Ọba láàárọ̀, bí aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ẹ jẹun níbẹ̀, ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà, torí oúnjẹ ò pọ̀ ní ìhà Igbó. Ẹ wo ààfin, kẹ́ ẹ wá máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó lé ní kìlómítà kan, kì í ṣe ìrìn àrìnkú fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Kí ìyá wọ kẹ̀kẹ́.

Ní ààfin, ẹ má kàn yọ sí wọn. Ẹ kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sọ pé àlejò ni yín, kẹ́ ẹ sì dúró kí wọ́n dá yín lóhùn. Tó bá bọ́ sí i pé Kábíyèsí ń jókòó, ọkùnrin ń ṣí fìlà, ó ń dọ̀bálẹ̀. Obìnrin ń kúnlẹ̀. Ẹ fi fóònù sápò títí wọn yóò fi ní ẹ lè yàwòrán. Ilé Ọ̀ṣun wà nínú ọgbà ààfin, ẹ bèèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kẹ́ ẹ rí ògiri rẹ̀ níta.

Afinimọ̀nà
Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ tiyín, àmọ́ n ò fara mọ́ ọn. Igbó ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ìdí mẹ́ta ni mo rí. Láàárọ̀, ilẹ̀ ṣì tutù, ìyá àgbà ò tíì rẹ̀. Èkejì, bó bá fi máa di ọ̀sán, bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé á ti dé, ariwo á ti gba gbogbo Ojúbọ. Ẹ̀kẹta, bí òjò bá máa rọ̀ lásìkò òjò, ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ló sábà máa ń rọ̀, amọ̀ ojú ọ̀nà inú Igbó á sì di yíyọ̀ bí ilá.

Ètò ẹnu ọ̀nà rèé. Àjọ tó ń rí sí mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà ló ń bójú tó ibẹ̀. Owó ìwọlé yàtọ̀, owó kámẹ́rà yàtọ̀, ti fídíò tún yàtọ̀. Iye rẹ̀ máa ń yí padà, nítorí náà ẹ bèèrè gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ́ nìyí: àlejò á san owó ìwọlé, á ti rò pé ó parí, á gbé kámẹ́rà jáde nísàlẹ̀ odò, wọ́n á wá béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀, òun á ní wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání. Ẹ gba ẹni tó máa mú yín rìn lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, ẹ má gba ẹni tó bá yín pàdé lójú títì. Ohun tẹ́ ẹ bá fún un lẹ́yìn iṣẹ́, ọwọ́ yín ló wà.

Hẹ́kítà 75 ni Igbó náà, ẹ ò lè rìn ín tán, ẹ má sì gbìyànjú ẹ̀. Wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì tó fún ibi tó ṣe kókó: Ojúbọ Ọ̀ṣun létí omi, ibi ààfin àkọ́kọ́, Ìyá Mọ̀ọ́pó, òrìṣà tó ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin (amọ̀ mímọ àti aró rírẹ wà lára ẹ̀), àti Ilédì (ilé ìpàdé) àwọn Ògbóni, tí òrùlé ẹ̀ gùn sókè bí aláǹgbá tó fẹ́ fò. Bí ẹni tó ń mú yín rìn bá fẹ́ sáré kọjá Ilédì, ẹ ní kó dúró. Ẹ yí i po.

Ẹ wọ bàtà tó rọrùn bọ́, torí ẹ ó máa bọ́ ọ níbi ojúbọ. Bàtà olókùn gígùn á dá yín lágara.

Ní ti àwọn ọ̀bọ: ẹ má gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀pà sínú náílọ́ọ̀nù. Dídún náílọ́ọ̀nù nìkan ti tó láti pè wọ́n. Wọn kì í báni jà, àmọ́ wọ́n á já a gbà, ẹni tó bá ń bá wọn fà á ni èékánná ń bá.

Olùkọ́ Àgbà
Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún ti ère inú Igbó, torí mo ń rí àwọn tó ń gùn wọ́n ya fọ́tò.

Púpọ̀ nínú wọn, Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger, ọmọ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, tó sì kú sí Òṣogbo níbí ní 2009) àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá a ṣe é ló mọ wọ́n. Adébísí Àkànjí ló mọ irú ògiri tí wọ́n fi símẹ́ńtì ya èèyàn àti ẹranko sí yẹn, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí ló gbẹ́ òkúta, Kásálì Àkàngbé ló gbẹ́ igi. Ohun tí ojú ń rí ni símẹ́ńtì, àmọ́ nínú lọ́hùn-ún, irin àti amọ̀ ló gbé e ró. Bí símẹ́ńtì bá là tínńrín, omi òjò á wọlé, irin á dípẹtà, ìpẹtà á wú, á sì ti símẹ́ńtì jábọ́ láti inú. Ẹ wo ìdí ère èyíkéyìí dáadáa, ẹ ó rí ojú ibi tí wọ́n ti dí. Nítorí náà, ẹni tó fẹ̀yìn ti apá ère tàbí tó jókòó lé e, irin tó ti jẹra ló lè kàn. Ẹ kọ̀ fún àwọn ọmọdé.

Ẹ tún rántí pé Igbó ìsìn ni, àwọn èèyàn ń bọ Ọ̀ṣun níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ní 1965 ni ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìní orílẹ̀-èdè, ní 1992 wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé hẹ́kítà 75, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Ẹnì kan ò gbọdọ̀ já ewé, dẹ ẹran, tàbí ju ìwọ̀ sódò. Ti ẹja yẹn tilẹ̀ wà nínú oyè ọba: Láròóyè tẹ́wọ́ gba ẹja létí odò náà, Atẹ́wọ́gbẹja sì ni wọ́n ní ó di Àtáọ́ja. Bí ẹ bá bá ẹni tó ń gbàdúrà, ẹ dúró sẹ́yìn. Inú ojúbọ gan-an, ẹ má ya á.

Dókítà Ẹsẹ̀ Odò
Ẹ má mu omi odò náà o, ẹ má fi fọ ojú ọmọ. Mo mọ̀ pé wọ́n á ní omi ìwòsàn ni, n ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìgbàgbọ́. Àmọ́ àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè, ní ìhà Ìjẹ̀ṣà, ti da ẹrẹ̀ àti irin olóró sínú rẹ̀ láti bí ọdún mélòó kan. Àwọ̀ rẹ̀ lẹ ó fi mọ̀, ó pọ́n bí amọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ gan-an ti kìlọ̀ pé kí àwọn èèyàn má mu ún. Bí ẹ bá fẹ́ bu díẹ̀ lọ ilé, ẹ bù ú, kẹ́ ẹ fi pamọ́. Síse omi ò lè yọ irin olóró kúrò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín.

Àlejò Láti Ẹ̀gbá
Ẹ ṣé gan-an. Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì la ń bọ̀. Ṣé ìyẹn ò ní da ètò rú? Àti pé, ọ̀nà wo ló dáa jù láti Ìbàdàn?

Bàbá Ìdíkọ̀
Láti Ìbàdàn, ẹ gba títì Ifẹ̀, kẹ́ ẹ yà sápá òsì ní Gbọ̀ngán, ẹ gba Òde-Òmù, ẹ gba Ẹdẹ, ẹ ó wọ Òṣogbo láti ìhà Abẹ́rẹ́. Ọ̀nà Ìwó wà, àwọn awakọ̀ kan fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ tí ẹ kò bá mọ ojú ọ̀nà yẹn, ẹ dúró ti Gbọ̀ngán. Ẹ ó kọjá Ìkirè kẹ́ ẹ tó dé Gbọ̀ngán. Dòdò Ìkirè tó gbẹ dáadáa lẹ fẹ́, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lórí ewé kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tó bá rọ̀, tó sì ń kán epo, kò ní bá yín délé.

Bí ẹ bá wọkọ̀ èrò, ẹ sọ fún awakọ̀ pé Olá-Ìyá tàbí Old Garage lẹ ó bọ́. Ẹ má ní "ìgboro", torí ibi tó wù ú ló máa já yín sí. Láti Old Garage, kẹ̀kẹ́ àti kòrópe ń lọ Ọjà Ọba. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, kẹ́ ẹ sì sọ bóyá ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ gbé e àbí ẹ ó wọ̀ ọ́ pẹ̀lú èrò. "Ṣé ẹ fẹ́ gbé e?" ni wọ́n máa bi yín. Bí ẹ bá dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" láìmọ̀, owó èrò mẹ́rin lẹ ó san.

Ọmọ Òròkí
Ọjọ́ Ẹtì! Ẹ ò bá ti sọ ọ́ látàárọ̀. Ó yá, Afinimọ̀nà ló jàre.

Mọ́sálááṣí Àgbà ìlú kò jìnnà sí Ọjà Ọba àti ààfin rárá. Lọ́jọ́ Ẹtì, láti bí aago méjìlá ààbọ̀ títí di méjì ààbọ̀, títì á kún, àwọn kan á tẹ́ ẹní sójú ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ ò ní rí ibi kọjá. Nítorí náà ẹ yí ètò náà padà báyìí:

Ọjọ́bọ̀, ẹ ó dé lọ́sàn-án. Ẹ gbé ẹrù sílé ìtura, ẹ sinmi, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti Old Garage lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀. Ọgbà tó ń jẹ́ orúkọ Nelson Mandela wà níbẹ̀, ìyá lè jókòó. Ìdíkọ̀ ojú irin wà nítòsí. Ojú irin dé Òṣogbo ṣáájú 1910, òun ló sì sọ ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ń kó kòkó àti ekùrọ́ jọ sí. Ilé ìtajà tẹ̀ lé e, owó tẹ̀ lé ilé ìtajà, àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláràá Àgùdà (àwọn tó ti Brazil padà wá) sì tẹ̀ lé owó. Ẹ máa gbójú sókè bí ẹ bá ń rìn lọ ní Station Road. Ìsàlẹ̀ ilé ti di ṣọ́ọ̀bù fóònù àti páànù, gbogbo ẹwà tó kù, òkè ló wà: òpó símẹ́ńtì tí wọ́n ya òdòdó sí lórí, ọ̀ṣọ́ yíká ojú fèrèsé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tó yọ sí títì. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó gbójú sókè, ẹ dúró lójú kan. Gọ́tà ibẹ̀ jìn, ibòmíràn ò sì ní ìdérí.

Ọjọ́ Ẹtì, ẹ dé Igbó bí aago mẹ́sàn-án, ẹ jáde bíi mọ́kànlá, ẹ gòkè wá sí ààfin àti ọjà, kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀ kó tó di méjìlá ààbọ̀. Ọ̀nà Ìbòkun lẹ máa wá gbà lẹ́yìn náà, lọ sí Ilé Àdùnní.

Ayàwòrán Ìta
Lórí Ilé Àdùnní: ẹ ní "ilé Àdùnní Olórìṣà, ọ̀nà Ìbòkun", oníkẹ̀kẹ́ tó bá jẹ́ ọmọ ìlú máa mọ̀ ọ́n. Ilé Àgùdà náà ni, òun gan-an sì ni àpẹẹrẹ tó dáa jù fún ẹni tó fẹ́ rí bí inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe rí. Àwọn èèyàn ń gbé inú ẹ̀ o, kì í ṣe mùsíọ́ọ̀mù. Ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ kí wọn, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá wá. Ẹ fi nǹkan sílẹ̀ fún àtúnṣe ilé kẹ́ ẹ tó lọ. Igi gbígbẹ́ kún inú rẹ̀ títí kan àga ìjókòó, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó jókòó.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa àwọn ayàwòrán Òṣogbo, kí ó mọ̀ pé Mbárí Mbáyọ̀, ibùdó àwọn ayàwòrán àti eléré, ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀, èyí tí Dúró Ládiípọ̀ tó jẹ́ eléré orí ìtàgé àti Ulli Beier, òyìnbó ọmọ Jámánì, dá sílẹ̀ ní 1962. Orúkọ Ìbò ni "Mbari". Ará Òṣogbo gbọ́ ọ, wọ́n ní "m bá rí i, m bá yọ̀", ó sì di orúkọ. Ibẹ̀ ni Twins Seven-Seven, Jímọ̀ Bùráímọ̀ tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ yàwòrán, Múráínà Oyèlámì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti jáde. Àkójọ Ulli Beier wà ní ibùdó àṣà àwọn adúláwọ̀ ní Abẹ́rẹ́, ibi tẹ́ ẹ máa kọjá bí ẹ bá ń wọ̀lú. Tí kò bá sí ẹni tó ń ṣe ìwádìí nínú yín, ẹ kọjá rẹ̀ láìdúró.

Ìyá Aláró
Ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ àdìrẹ, torí ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò. Oríṣi mẹ́ta ló wà lórí àtẹ, orúkọ kan ṣoṣo sì ni ẹni tó ń tà á máa pe gbogbo wọn.

Èyí àkọ́kọ́ ni aláró gidi. Ewé èlú ni wọ́n gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n wá rẹ sínú omi eérú nínú ìkòkò títí tó fi kan. Bí ẹ bá bá wọn lẹ́nu iṣẹ́, ẹ dúró wo bí wọ́n ṣe ń fa aṣọ jáde: kì í jáde ní àwọ̀ aró, bí ewé tútù ló ṣe máa rí, atẹ́gùn ló sì ń sọ ọ́ di aró lójú yín, láti etí aṣọ wọ àárín. Wọ́n á tún tì í bọ̀ ọ́, wọ́n á tún fà á yọ, léraléra, kó tó dú. Ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. Ó ní òórùn tirẹ̀, bí ohun tó kan. Ẹ fi aṣọ funfun tútù nu ún: aró gidi á yà díẹ̀.

Èkejì, aró ilé ìtajà ni, tí wọ́n fi kọ́sítíìkì àti háídírọ́ọ̀sì (kẹ́míkà ni méjèèjì) pò, tàbí tí wọ́n fi abẹ́là yíyọ́ tẹ ọnà sí kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Ọwọ́ èèyàn náà ló ṣe é, ó dáa, àwọ̀ rẹ̀ pọ̀. Àmọ́ iṣẹ́ ọjọ́ kan ò lè gba owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ yí i padà: àwọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ á ṣí, ọnà rẹ̀ á sì máa tún ara rẹ̀ ṣe láìyàtọ̀ rárá. Ẹ wá ibi méjì tó jọra, bí àléébù kékeré kan náà bá wà nínú méjèèjì, ẹ̀rọ ni.

Fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ojú kan ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún yà, ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń yà á. Nítorí náà iwájú máa funfun kedere níbi ọnà, ẹ̀yìn á dú ju iwájú lọ. Bí iwájú àti ẹ̀yìn bá dọ́gba, kì í ṣe ẹlẹ́kọ. Ti oníko, ẹ wá ojú ibi tí wọ́n ti so ó, aṣọ máa ń hunjọ níbẹ̀. Ti alábẹ́rẹ́, ihò abẹ́rẹ́ máa ń hàn bí ẹ bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀.

Ìró àtijọ́ jẹ́ ọ̀pá márùn-ún, tí wọ́n gé sí méjì, tí wọ́n sì rán pọ̀ láàárín. Ẹ wọ̀n ọ́n níwájú ẹni tó ń tà á. "Ọ̀pá márùn-ún" tó jẹ́ mẹ́rin àti díẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Nílé, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, omi tútù, iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ sá a síbi òjìji. Ẹ má wọ̀ ọ́ sórí bùbá funfun títí ẹ ó fi fọ̀ ọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ọmọ Ìyá Ìbejì
Ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ oṣù Ògọ́ọ̀sì ńkọ́? Èmi ń wò ó fún ọdún tó ń bọ̀.

Afinimọ̀nà
Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá, àsìkò ọdún Ọ̀ṣun nìyẹn. Ìwọ́pópó, ìwẹ̀nùmọ́ ojú pópó ìlú, ló ń ṣí i, alẹ́ Àtùpà Olójú Mẹ́rìndínlógún ń bẹ láàárín, tí Àtáọ́ja ń jó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, Ìborí Adé, tí wọ́n ń kó adé àwọn ọba àná jọ, tẹ̀ lé e, Arugbá sì gbé igbá lọ́jọ́ ìkẹyìn. Bí ẹ bá fẹ́ rí nǹkan láìsí ìfúnpá, alẹ́ àtùpà ni kẹ́ ẹ wá. Ọjọ́ Arugbá, wọ́n á dí ọ̀nà mọ́tò, ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn láti ọ̀nà jíjìn, ẹ ò sì ní rí ère kan nínú Igbó fún èrò. Ẹ gba ilé ìtura sílẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú. Ẹ má dúró sí iwájú Arugbá láti yà á. Wọn ò fẹ́ kó fẹsẹ̀ kọ, àwọn tó ń ṣọ́ ọ kì í sì í fi ẹnu nìkan lé èèyàn.

Àlejò Láti Ẹ̀gbá
A ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó ku ti ìyá. Ṣé wọ́n á lè dé etí odò gan-an?

Afinimọ̀nà
Wọ́n á dé e, tí ẹ kò bá kán wọn lójú. Ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sí odò, ìsọ̀kalẹ̀ ò le, àgòkè ló ń gba èémí. Kí ẹnì kan wà níwájú wọn bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, kó wà lẹ́yìn wọn bí wọ́n bá ń gòkè. Ọ̀pá ìtilẹ̀ dáa, kí ìdí rẹ̀ ní rọ́bà, torí ewéko máa ń hù sójú símẹ́ńtì tó wà ní òjìji. Bàtà wọn, ẹ bá wọn mú un dání láti ibi ojúbọ, kí wọ́n má baà bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kẹ́ ẹ sì bá oníkẹ̀kẹ́ dúnàá-dúrà àlọ àtàbọ̀, kó dúró dè yín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ san ìdajì nígbà tẹ́ ẹ bá dé, ìdajì tó kù, ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá padà dé Ọjà Ọba. Bí ẹ bá san gbogbo rẹ̀ tán, ẹ ò ní bá a níbẹ̀.